Owó Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Ọdúnayọ̀ Sí

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù Ọdúnayọ̀ ní Sẹmúsẹmu, ní Ìkàrẹ́, tó ní òun fẹ́ pátákó tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Ọdúnayọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń kọ pátákó. Ó ti kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti kọ ti ilé ìwé, ti oníkẹ́míìsì àti ti ẹni tó ń lẹ táyà, ṣùgbọ́n kò tíì sí oníbàárà tó fẹ́ sanwó fún un pé kó má kọ nǹkan kan.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ìlà ni mo fẹ́. Lókè pátápátá, ẹ bá mi kọ Orúkọ, kí ẹ kọ Àdúgbò, kí ẹ kọ Iye. Ìyókù á máa kún díẹ̀díẹ̀."

"Kí ló máa kún un?"

"Orúkọ àwọn tó bá fún mi lówó."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọdúnayọ̀ kó tó mọ̀. Inú kò bí ọkùnrin náà. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan jókòó, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Akínlọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwárọ̀ ní Ọ̀kà ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ló ń ṣe. Láti Ìṣùà dé Ìkàrámù, kò sí bóòhò tó dákẹ́ tí wọn kì í pè é sí. Ó fẹ́ du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò sí ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ohun tó sún un débẹ̀ kò ju bóòhò kan lọ. Ní Ìkun, wọ́n pè é pé kó wá tún èyí tí aṣòfin kan gbẹ́ fún wọn ṣe. Ó ṣí orí rẹ̀, ó ki okùn bọ inú rẹ̀, okùn náà kò lọ ju ìdúró ènìyàn méjì lọ. Wọn kò gbẹ́ kànga kankan. Wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n kun táńkì, wọ́n sì ya fọ́tò. Nígbà tó wá kọngílá tó ṣe iṣẹ́ náà kàn, ọ̀gbẹ́ni yẹn kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní aṣòfin ní láti kọ́kọ́ san owó àwọn tó ra ìbò fún un, pé ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn fi gbẹ́ ilẹ̀.

"Ìdí nìyí," ni Akínlọ́lá wí. "Ẹni tó bá fún mi ní kọ́bọ̀, gbogbo ayé á ka orúkọ rẹ̀ níta. Tí mo bá wọlé, wọ́n á mọ ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta náírà ló máa pọ̀ jù níbẹ̀."

Ọdúnayọ̀ dá iye fún un. Akínlọ́lá kò ná an títí. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀dà tí òjò kò ní wẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, Ọdúnayọ̀ rí i pé òun ti kun ibi tí kò yẹ kí òun kùn lára iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú òun. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ bóòhò Ìkun yẹn ló ń dun òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán.

Ní Sátidé, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù gbé pátákó náà gòkè Ọ̀kà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá Akínlọ́lá ti ń ta epo pupa ni wọ́n kàn án mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ìyá náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń yára lẹ́nu rẹ̀. Èdè Ọ̀kà ló fi kí Ọdúnayọ̀. Ọdúnayọ̀ gbọ́ ìdajì, ó fi ẹ̀rín gba ìdajì tó kù.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fowó sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káfíńtà kan dé, lẹ́yìn káfíńtà ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin aláàkàrà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Latifah tú igbá owó rẹ̀, ó mú igba náírà jáde, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun gàdàgbà, nítorí pé wọn kò kọ ọ́ síbi kankan rí yàtọ̀ sí káàdì ìdìbò.

Akínlọ́lá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kọ ọ́. Ohun tó kọ dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀. Ọdúnayọ̀ kò lè mú un mọ́ra. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa èyí tó kọ rẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ dáadáa. Inú Ìyá Latifah dùn, ó pe àwọn ènìyàn wá wò ó.

Bó ṣe di pé Ọdúnayọ̀ ń gòkè Ọ̀kà ní gbogbo Sátidé nìyẹn.

Bí ó bá kọ orúkọ tọ̀sẹ̀ náà tán, òun àti Akínlọ́lá á lọ jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa fi epo jẹ iṣu sísun. Akínlọ́lá a máa sọ fún un nípa àwọn ẹ̀rọ omi bí ẹni ń sọ nípa ènìyàn. Ó ní ohùn èyí tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí ti èyí tí ebi iná ń pa. Ọdúnayọ̀ náà sọ fún un nípa ọkùnrin kan tó ti mú un mọ ẹbí rí, tó wá lọ sí òkè òkun, tí ìpè rẹ̀ ń dín kù lóṣooṣù títí tó fi dákẹ́ pátápátá. Akínlọ́lá kò bú ọkùnrin náà. Ó kàn bu epo sí iṣu tó kù, ó sì gbé e síwájú rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, Ọdúnayọ̀ ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rò ó, ṣùgbọ́n Akínlọ́lá ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ọdún mi," ó ní, "bí ìbò yìí bá bọ́ sí i, bí kò bọ́ sí i, ìwọ ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́."

"Ṣé ọ̀rọ̀ nìkan ni?"

"Ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná, olólùfẹ́ mi."

Ọdúnayọ̀ rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé wọn ní Ìkàrẹ́ ni ọ̀rọ̀ kò ti rọrùn. Samuel, bàbá rẹ̀, ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ kó tó fi í lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, tí wọ́n ń fi wákàtí kan tẹ ohun tí ọwọ́ ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ sára ọ̀rá, iṣẹ́ náà ì bá ti kú bí kì í bá ṣe ti Olóyè Zachariah. Kọngílá ńlá ni Olóyè. Ọ̀dọ̀ Samuel ló ti ń ṣe gbogbo pátákó tí wọ́n ń rì sí ẹ̀bá ọ̀nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ojú Samuel ń ṣú lọ, Olóyè ló san owó iṣẹ́ abẹ tó là á. Wọn kì í pe orúkọ Olóyè lásán nínú ilé náà.

Akínlọ́lá wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè. Samuel bi í léèrè iye tó ní lọ́wọ́ fún ìbò, ó sì sọ ọ́ láì fi kọ́bọ̀ kan pamọ́. Samuel rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí àlejò lọ, bàbá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní olóṣèlú tí kò lówó dà bí ọdẹ tí kò mú ìbọn, ẹran ló máa pa á, pé òun kò sì fẹ́ kí ẹran sọ ọmọ òun di opó. Bridget, ìyá Ọdúnayọ̀, fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, ó sì rán ọkọ rẹ̀ létí pé ọmọ wọn ti pé ọgbọ̀n ọdún. Samuel ní òun lè kà. Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Samuel pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá, ó sì gbé owó tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ dì fún un. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà ni.

"Gbé e fún ọkọ rẹ," ó ní. "Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tìrẹ ni kí o kọ sí i. Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé mo ti rọ̀."

Ọdúnayọ̀ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Bàbá rẹ̀ kò pe Akínlọ́lá ní "ọkọ rẹ" rí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló bò ó lójú. Ó mọ̀ pé orúkọ ẹni tó ni owó ló yẹ kó wà lára pátákó, ó sì gún un lọ́kàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó dé Ọ̀kà, tí Akínlọ́lá ní owó náà pọ̀ jù fún ẹnì kan, ó dá a lóhùn pé ohun tí òun ti tù jọ láti ọdún mẹ́jọ ni. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ Ìkàrẹ́, ó kọ iye. Kò sí èyí tó tóbi tó o lára pátákó náà.

Owó yẹn gbé ìpolongo wọn dìde. Akínlọ́lá sọ̀rọ̀ lórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó háyà ọkọ̀ lọ sí gbogbo abúlé oko tó wà lábẹ́ Ọ̀kà, ó sì san owó oúnjẹ àwọn tó máa ṣọ́ àpótí ìbò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Onípátákó". Ó jọ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ dúdú kan dúró ní Ìwárọ̀, ọkùnrin méjì sì sọ̀kalẹ̀. Wọ́n kí Akínlọ́lá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì mú ìwé kan jáde pé kó fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, bó bá wọlé, Olóyè Zachariah ni yóò máa yan àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ àgbègbè rẹ̀. Akínlọ́lá ní òun kò mọ Olóyè rí. Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Èyí àgbà nínú wọn wá nawọ́ sí pátákó, sí ibi tí owó ńlá wà, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló rò pé ó ni ín.

Olóyè ti fowó sábẹ́ àwọn olùdíje méjì mìíràn. Kò fẹ́ kí ẹ̀kẹta bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó bá wọlé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tirẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Akínlọ́lá gun alùpùpù rẹ̀ wá sí Sẹmúsẹmu. Kò jókòó.

"Ọdún, níbo lo ti rí owó yẹn?"

Ọdúnayọ̀ sọ fún un. Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ti bébà aláwọ̀ ilẹ̀, ti ọ̀rọ̀ tí bàbá ní kó má sọ. Kò mọ̀ pé Olóyè ló ni owó náà; ẹnu Akínlọ́lá ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Akin."

Akínlọ́lá wò ó lójú. Ọdúnayọ̀ rí i pé ó ń wọn ọ̀rọ̀ òun wò kó tó gbà á. Ìyẹn dùn ún ju ìbéèrè lọ.

"Mo gbà ọ́ gbọ́ nípa Olóyè," ó sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n o parọ́ fún mi nípa ìyókù. Kì í sì í ṣe èmi nìkan lo pa á fún."

Ọdúnayọ̀ kò jà. Ó mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Akínlọ́lá kò pariwo, kò bú u. Ó ní kó má pẹ́ jù kó tó délé, ó sì lọ.

Nílé, Ọdúnayọ̀ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn. Samuel kò sẹ́. Ó ní Olóyè ló pe òun, tó ní òun fẹ́ ran ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ láì jẹ́ kí ariwo ta. Òun ní tòun rò pé Ọlọ́run ló ṣe é, pé owó Olóyè á gbé ọkọ ọmọ òun wọlé, tí ọmọ òun náà á sì bọ́ sí ìrọ̀rùn. Ó bi Ọdúnayọ̀ pé èwo ló burú níbẹ̀. Ta ló ti wọ ilé ìgbìmọ̀ rí láì rí ẹni tó gbé e?

"Bàámi, ẹ ní tiyín ni."

"Kí ni ọmọ máa fi mímọ̀ ṣe?"

Ọdúnayọ̀ ní òun máa tún ohun tí òun kọ kọ. Ojú Samuel wá yí padà. Ó pa ìwé ìròyìn dé, ó ní bí orúkọ òun bá fi kan pátákó yẹn, kí ó má mú ọmọ Ọ̀kà náà wọ ilé òun mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ọdúnayọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ láì mọ ohun tó ń kọ. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá gòkè Ọ̀kà, Akínlọ́lá lè má fẹ́ rí òun. Nígbà tí Sátidé pé, ó gbé ọ̀dà rẹ̀, ó wọkọ̀.

Akínlọ́lá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù epo. Alùpùpù rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún Ọdúnayọ̀: ó ti tà á, kó lè fi dí ohun tó ti ná nínú owó Olóyè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Olóyè, tó sì gba ìwé lẹ́rìí.

Akínlọ́lá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ti rò ó títí. Wọ́n á kàn pa ìlà yẹn rẹ́ jẹ́jẹ́, wọn kò ní kọ nǹkan kan sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, òun á ní àṣìṣe ni.

"Mo lè pàdánù ìbò," ó ní. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìtìjú bàbá rẹ ni mo fi wọlé. Mi ò sì fẹ́ pàdánù rẹ."

Ọdúnayọ̀ wò ó. Ìfẹ́ rẹ̀ kún inú rẹ̀.

"Akin mi, ìyá aláàkàrà yẹn ní kí n kọ orúkọ òun gàdàgbà. Mi ò lè jẹ́ kí irọ́ mi wà lórí pátákó kan náà pẹ̀lú rẹ̀."

Ó lọ bá pátákó náà. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Sátidé. Ó pa ìlà rẹ̀ rẹ́, ó dúró kó gbẹ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Owó tí a kọ orúkọ Ọdúnayọ̀ sí kì í ṣe tirẹ̀. Ti Olóyè Zachariah ni. Ọdúnayọ̀ ló gbé e wá, tó parọ́ pé tòun ni. A ti dá a padà." Kò dárúkọ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọjá agbára rẹ̀.

Akínlọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò béèrè ohun tó kù. Ó rìn bọ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ̀dà mú lójú gbogbo ayé. Ìyá Latifah ní kí wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò níbẹ̀ mọ́.

Ìròyìn ti ṣáájú Ọdúnayọ̀ dé Ìkàrẹ́. Olóyè kó gbogbo iṣẹ́ pátákó rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ kejì. Samuel kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bridget ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, láti yàrá dé pálọ̀, títí tó fi rẹ̀ ẹ́, tó ní ọjọ́ orí òun ti kọjá ti ìránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Samuel wọ aṣọ, ó lọ bẹ Olóyè. Wọ́n fi í jókòó fún wákàtí méjì kí Olóyè tó jáde sí i. Nígbà tó jáde, kò jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán.

"Samuel," ó ní, "ojú tí mo fi owó mi là fún ọ, òun náà lo fi ń wò mí yìí?"

Samuel padà sílé. Kò jẹun. Bridget ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ọdúnayọ̀, nítorí pé òun nìkan ni Samuel sọ ọ́ fún. Samuel ní òun ti rò pé ọ̀rẹ́ ló la ojú òun. Òun kò mọ̀ pé wọ́n ti dá iye lé e láti ọjọ́ náà.

Ìpàdé ìkẹyìn ṣáájú ìbò bọ́ sí Sátidé tó tẹ̀lé e, ní Ìwárọ̀. Ọdúnayọ̀ jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ bí Akínlọ́lá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa omi. Nígbà tó máa gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀, tó sì ń bọ̀. Ọdúnayọ̀ rò pé ó wá fa òun lọ sílé ni.

Samuel béèrè bóyá àlejò lè sọ̀rọ̀. Akínlọ́lá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì kúrò níbi tó dúró sí.

"Èmi ni Samuel tó ń kọ pátákó ní Ìkàrẹ́," ó ní. "Èmi ni mo bí ọmọ yìí. Kì í ṣe òun ló gba owó lọ́wọ́ Olóyè, èmi ni. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ bo tèmi. Ẹ má jẹ́ kó dá ru ẹrù mi."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Àgbàlagbà kan sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fún un láyè, ìyá Akínlọ́lá sì gbé omi tútù wá. Ọdúnayọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún jẹ́jẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìbò dé. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn tó ń pín owó ti dúró sí ẹ̀yìn ilé ìwé, ní ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, "dìbò kóo sebẹ̀" ni wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíràn gbà á, ó dìbò fún wọn. Ẹlòmíràn gbà á, ó dìbò fún ẹni tó wù ú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Akínlọ́lá ṣe ipò kẹta. Ó borí ní ibùdó mẹ́rin péré: méjì ní Ìwárọ̀, méjì ní àwọn abúlé oko tí kò ti sí omi.

Ó dùn ún. Kò fi pamọ́ fún Ọdúnayọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpáta lẹ́yìn ilé, òjò àkọ́rọ̀ ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ń rùn dídùn.

"Mo ta alùpùpù mi, mi ò wọlé," ni Akínlọ́lá wí. "Bàbá rẹ kò parọ́ nígbà tó ní ọdẹ tí kò mú ìbọn ni mí."

"Ẹran kò pa ọ́."

"Ó sún mọ́ ọn."

Ọdúnayọ̀ fi orí lé e léjìká. Ó sọ fún un pé àwọn méjì tó fẹ́ ṣe káńsílọ̀ ti wá béèrè irú pátákó yẹn lọ́wọ́ òun, ọ̀kan láti Ìkun, ọ̀kan láti Ìṣùà. Akínlọ́lá yí ojú sí i. Ó bi í bóyá kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ fi tu òun nínú. Ọdúnayọ̀ ní rárá, wọ́n ti fi owó sílẹ̀. Akínlọ́lá wá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọdún mi, mi ò ní ipò, mi ò ní alùpùpù. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti fẹ́ ọ tipẹ́," ni Ọdúnayọ̀ dáhùn. "Ìwọ lo ṣì ń ṣe ìpolongo."

Wọ́n mú ara wọn mọ ẹbí nínú oṣù kẹjọ. Ní ìparí ọdún, ṣáájú ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará Ọ̀kà kó ìdáná wá sí ilé Samuel ní Ìkàrẹ́. Wọn kò pọ̀. Wọ́n gbé iṣu, wọ́n gbé oyin àti orógbó, ìyá Akínlọ́lá gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì tó dára jù lọ nínú ọjà rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé owó orí ọmọ kalẹ̀ nínú àpò ìwé funfun.

Samuel gbé àpò náà. Kò ṣí i. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀ lọ́wọ́. Bridget fọwọ́ tọ́ ọ.

"Gbogbo yín mọ̀ pé ẹbí kì í ta ọmọ," ó sọ níkẹyìn. "Àwọn ẹlòmíràn máa ń sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ní tèmi, wọ́n ti ra nǹkan lọ́wọ́ mi rí tí mi ò mọ̀ pé mo tà, mo sì mọ bó ṣe rí lára. Ẹ gba owó yín."

Ó nà án sí ìyá Akínlọ́lá. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì kúnlẹ̀. Samuel wá dìde, ó fa Ọdúnayọ̀ sókè níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ṣí ìbòjú lójú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ọdúnayọ̀ kò mọ ìgbà tí bàbá òun wo òun bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Samuel mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé Akínlọ́lá lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Akínlọ́lá, "kò sí ẹni tó rà á fún ọ. Òun ló yàn ọ́."